Ẹ bá mi wá ògbufọ̀ Hébérù sí Jámánì tó mọ tinú ìwádìí àwùjọ

Àdùkẹ́_L

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ni mò ń ṣe lọ́wọ́ ní apá ìlà-oòrùn Jámánì níbí, ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó kó wá sí Berlin ni mò ń kọ̀wé lé lórí, àti àwọn òbí wọn tó kù sílé ní Haifa. Jámánì ni mo fi ń kọ ọ́, Jámánì ni ọ̀gá mi ń kà. Ní ti Hébérù, "ṣálọ́mù" nìkan ni mo mọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sì ti mọ ìyẹn.

Mo gba ògbufọ̀ kan. Òǹtẹ̀ ilé-ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹni kejì tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò jẹ́ obìnrin kan tó ti lé lógójì ọdún. Ó sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó ń fi ìka lu tábìlì, ó tiẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè máa bá a lọ. Nígbà tó parí, ògbufọ̀ mi yíjú sí mi, ó ní: "Ó ní nǹkan le nílé, ìyẹn ló jẹ́ kí òun wá." Ó tán! Ìṣẹ́jú mẹ́fà!

Mo ní kó bá mi gbọ́ ohùn náà padà, kó kọ apá yẹn sílẹ̀ lódindi. Ó kọ ọ́, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Ọ̀gá mi pè mí, ó bi mí pé kí ló da obìnrin yìí pọ̀ mọ́ àwọn tó ń lọ sọ́dọ̀ aṣẹ́wó. Gbólóhùn tó wà níbẹ̀ ni "Ich wollte kein Freier mehr sein", ìyẹn "mi ò fẹ́ jẹ́ oníbàárà aṣẹ́wó mọ́". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Jámánì, ẹ mọ ohun tí Freier ń jẹ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Ó ku ènìyàn mẹ́rìndínlógún. Níbo ni mo ti lè rí ẹni gidi? Èló ni wọ́n ń gbà? Báwo ni mo sì ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan mọ iṣẹ́ nígbà tí èmi fúnra mi kò gbọ́ èdè ọ̀hún?

Ará_TelAviv_tẹ́lẹ̀

Ẹ má bínú o, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo gbé ní gúúsù Tel Aviv fún ọdún mẹ́sàn-án, lẹ́bàá ibùdókọ̀ ńlá. Ọ̀rọ̀ yẹn, "fráyà", kò sí ọjọ́ kan téèyàn ò ní gbọ́ ọ. Inú Yídíìṣì, èdè àwọn Júù Yúróòpù, ló ti bọ́ sínú Hébérù, Yídíìṣì sì mú un láti inú Jámánì, láti ìgbà tí Freier ṣì jẹ́ ọkùnrin tó ń wá ìyàwó. Jámánì wá mú tirẹ̀ lọ sílé aṣẹ́wó, Hébérù mú tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ní Ísírẹ́lì, fráyà ni ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ: ó ń san owó orí pé, bí wọ́n bá pè é padà sí iṣẹ́ ológun ó ń lọ, ó ń tò sórí ìlà nígbà tí ẹlòmíràn ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mùgù, kó yé yín! Ohun tí obìnrin yẹn ń sọ ni pé "mi ò ṣe mùgù yín mọ́".

Bóyá gbólóhùn yẹn gan-an ni gbogbo ìwádìí yín dúró lé. Ní Jámánì, "die Dumme sein" ló sún mọ́ ọn jù.

Bàbá_Hamburg

Àdùkẹ́, pẹ̀lẹ́. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun, Yorùbá àti Jámánì, ó ti lé ní ogún ọdún. Jẹ́ kí n là á yé ọ.

Dolmetscher ni ẹni tó ń fẹnu túmọ̀, Übersetzer ni ẹni tó ń túmọ̀ sínú ìwé. Iṣẹ́ méjì ni, ọ̀pọ̀ ló sì mọ ọ̀kan tí kò mọ èkejì. Ìwọ nílò méjèèjì. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ já gaara níwájú rẹ lè kọ ìsọkúsọ tó bá di ìwé kíkọ, ẹni tó ń kọ̀wé bí ẹni ń fín igbá sì lè máa kálòlò tó bá dé iwájú èèyàn.

Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ Dolmetscher sára káàdì rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ohun tí òfin ń ṣọ́ ni "beeidigt", ìyẹn ẹni tó ti búra nílé-ẹjọ́. Àwọn wọ̀nyẹn wà lórí justiz-dolmetscher.de, o lè fi èdè tàbí ìlú wá wọn. Ṣùgbọ́n ìbúra yẹn kò sọ pé ẹni náà mọ ohun tí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ń bá kiri. Ìwé ìbí, ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ẹ̀sùn olè, àwọn ló ń kọjá lọ́wọ́ wa. Ìwọ kò sì nílò òǹtẹ̀ rárá, ta ló fẹ́ gbé ìwé rẹ lọ sílé-ẹjọ́? Owó òǹtẹ̀ lo san, iṣẹ́ mìíràn lo ń wá.

Èmi gan-an, adájọ́ kan bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ni "ẹ̀gbọ́n" tí ẹlẹ́rìí ń sọ, ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin, ṣé ìyá kan náà ló bí wọn. Mo ní ọ̀rọ̀ náà kò sọ ọ́, kí wọ́n bi ẹlẹ́rìí. Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́ èdè mi. Ẹni tó fẹ́ kí adájọ́ yìn ín ì bá kàn sọ "Bruder" (arákùnrin) kó máa lọ. Ẹni tó lè sọ pé "ọ̀rọ̀ yìí kò sọ ọ́" ni kó o máa wá.

Lọ sí ojúlé BDÜ, ẹgbẹ́ àwọn ògbufọ̀ àti atúmọ̀ ní Jámánì, láti 1955 ni wọ́n ti wà. O lè yan èdè, o sì lè yan ẹ̀ka ìmọ̀. Tí o bá yan Hébérù, iye tó máa jáde kò ní pọ̀. Tún wo àwọn tó ń túmọ̀ nípàdé ńlá, VKD nínú BDÜ, àti AIIC tó wà ní Geneva. Ṣùgbọ́n àwọn yẹn, owó odindi ọjọ́ ni wọ́n máa ń gbà, wọn kì í ka wákàtí. Jókòó kó o tó bèèrè.

Káyọ̀dé_onítàn

Bàbá ti sọ ọ́ re. Èmi ní èrò mìíràn lórí ibi tí ẹ ti máa rí ènìyàn: ẹ má wá ògbufọ̀ tó mọ díẹ̀ nínú ìmọ̀ àwùjọ, ẹ wá onímọ̀ àwùjọ tàbí onítàn tó gbọ́ èdè méjèèjì.

Wọ́n wà. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó ń ṣe ọ̀mọ̀wé lórí ìtàn Jámánì, inú ìwé Jámánì ni wọ́n ń gbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù ní ibùdó Koebner fún ìtàn Jámánì, Tel Aviv ní Minerva, Haifa ní Bucerius. Ní Jámánì níbí, Heidelberg ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga fún ìmọ̀ nípa àwọn Júù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, Leipzig ní ibùdó Dubnow láti 1995, ẹ̀ka irú rẹ̀ sì wà ní Potsdam, Halle, FU Berlin àti München. Ẹ kọ ìwé kékeré sí akọ̀wé ẹ̀ka, kí wọ́n bá yín pín in fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìlà márùn-ún ti tó: iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe, wákàtí mélòó, èló, ìlú wo. Ẹ má fi owó pa mọ́ nínú ìwé náà, torí akẹ́kọ̀ọ́ kì í dáhùn ìwé tí kò lówó nínú.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń dá ẹjọ́ Eichmann, ọ̀gá Násì tó ṣètò kíkó àwọn Júù lọ sí ibi ìpakúpa, ní Jerúsálẹ́mù, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹrin 1961, Hébérù ni èdè ilé-ẹjọ́, Jámánì ni ẹlẹ́jọ́ ń sọ, àwọn ògbufọ̀ sì ń túmọ̀ sínú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Adájọ́ mẹ́ta tó jókòó, Landau, Halevy àti Raveh, Jámánì ni wọ́n gbọ́ dàgbà. Wọ́n a máa tún ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ ṣe láti orí àga wọn. Nígbà tó kan àwọn láti bèèrè ọ̀rọ̀, wọ́n fi Hébérù sílẹ̀, wọ́n bá a sọ Jámánì tààrà. Hannah Arendt, òǹkọ̀wé tó wà níbẹ̀, ráhùn gidi nípa bí ìtumọ̀ sí Jámánì ṣe burú tó. Ìlú tó kún fún ọmọ Jámánì nígbà náà lèyí ti ṣẹlẹ̀ o! Torí náà kí Àdùkẹ́ má rò pé òun nìkan lojú ń tì.

Tí ohun tẹ́ ẹ ń wá bá jẹ mọ́ àwọn àgbà tó sá kúrò ní Jámánì láyé Hitler, àwọn tí wọ́n ń pè ní Yẹ́kẹ̀, ẹ yẹ àkójọ ohùn tí Anne Betten bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní 1989 wò. Ó wà ní IDS, ibùdó ìwádìí èdè Jámánì, ní Mannheim. Jámánì ni wọ́n sọ níbẹ̀, ẹ ò nílò ògbufọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Köln

Àbúrò mi, èmi ti parí tèmi, àwọn obìnrin tó ń sọ Tigrinya ni mo bá ṣiṣẹ́, ògbufọ̀ mẹ́ta ni mo sì lò kí n tó rí ẹni tí mo gbà. Jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

Ìdánwò ṣáájú owó. Gé ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú ohùn tí o ti gbà (yọ orúkọ kúrò), san wákàtí kan fún ẹnì mẹ́ta tó ń wá iṣẹ́ náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan túmọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́rin kan náà sínú ìwé. To wọ́n síra. O kò gbọ́ Hébérù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yàtọ̀ síra yóò hàn sí ọ, ibẹ̀ ni kó o ti bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹni tó bá ṣàlàyé fún ọ kedere ni. Ẹni tó bá bínú, jẹ́ kó máa lọ.

Nígbà tó bá yá, jókòó pẹ̀lú ẹni tó o mú fún wákàtí méjì kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Fi ìbéèrè rẹ hàn án. Sọ fún un pé "èmi" ni kó máa sọ, kì í ṣe "ó ní". Tí obìnrin yẹn bá ní "ó rẹ̀ mí", kó sọ "Ich bin müde". Kó máa gbà á ní gbólóhùn mẹ́ta, mẹ́rin, kó gbé ọwọ́ sókè wẹ́rẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti ń pọ̀ jù. Kò sí orí tó lè gbé ìṣẹ́jú mẹ́fà láì kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ̀bi ògbufọ̀ rẹ nìkan kọ́ nìyẹn, àbúrò, ìwọ náà lo jẹ́ kó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìjókòó náà ṣe pàtàkì. Mo fi tèmi sáàárín lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo èèyàn ń wo òun, kò sẹ́ni tó wò mí. Mo wá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, sẹ́yìn díẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ìyá wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bá èmi sọ̀rọ̀.

Ohun tí ògbufọ̀ bá sọ níbẹ̀ kì í ṣe ohun ìwádìí rẹ o. Ó wà kí o lè mọ ìbéèrè tó kàn ni. Ohun ìwádìí ni ohùn tí o gbà sílẹ̀. Kí ẹlòmíràn kọ Hébérù náà jáde, kó túmọ̀ rẹ̀ lódindi, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ẹ̀rín.

Kí wọ́n fọwọ́ sí Verschwiegenheitserklärung, ìwé ìlérí láti pa àṣírí mọ́, kí ìwé tí ẹni tí o fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ń buwọ́ lù sì sọ pé ògbufọ̀ kan yóò gbọ́. Bí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì Berlin bá rí bíi tiwa, kò sẹ́ni tí kò mọ ẹnì kan tó mọ ẹnì kan. Bèèrè lọ́wọ́ wọn ṣáájú: "Lágbájá ló máa túmọ̀, ṣé ẹ gbà?" Àti láti ọjọ́ keje oṣù kẹwàá 2023 tí Hamas kọlu Ísírẹ́lì, ẹni tó bá jókòó nínú yàrá yẹn àti ìhà tó kọ sí ọ̀rọ̀ ogun lè pa ẹnu èèyàn dé. Má fojú kéré ìyẹn.

Sànmọ̀rí_Tẹ́kì

Ẹ ẹ̀ wá fi AI ṣe é? Ọ̀fẹ́ ni.

Ìyá_Ìbejì_Köln

Ìwé tí àwọn èèyàn yẹn buwọ́ lù, ṣé ó sọ pé ohùn wọn ń lọ sínú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun? DSGVO, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni èèyàn, kì í ṣeré, ọmọ mi.

Ará_TelAviv_tẹ́lẹ̀

Yàtọ̀ sí ìyẹn, Hébérù kì í sábà kọ fáwẹ́lì. Lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni s-p-r: ó lè jẹ́ ìwé, ó lè jẹ́ onígbàjámọ̀, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ka nǹkan ní iye. Bí ìgbà téèyàn kọ "oko" láì fi àmì sí i, tẹ́nì kan ní kó o sọ bóyá oko ni, ọkọ ni, àbí ọkọ̀. Ẹni tó gbọ́ ohùn náà tó sì lóye rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àdùkẹ́, ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dán ògbufọ̀ wò, ẹ ó rí i. "Alìyá", gígòkè, ni kí Júù kó lọ sí Ísírẹ́lì. "Yẹrídá", sísọ̀kalẹ̀, ni kó kúrò níbẹ̀. Àbùkù wà nínú èkejì. Rabin tó jẹ́ olórí ìjọba ní 1976 fi ọ̀rọ̀ kan bú àwọn tó sọ̀kalẹ̀ tí wọn ò gbàgbé títí dòní. Tí ògbufọ̀ bá kàn kọ "Auswanderung" (kíkó lọ sí ilẹ̀ mìíràn), gbogbo ata inú ọbẹ̀ yẹn ti dànù. "Lẹ́óòmù", ìyẹn ẹ̀yà tí èèyàn jẹ́, náà ńkọ́? Nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba wọn, Júù, Lárúbáwá, Dúrúùsì ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "Nationalität", ará Jámánì á rò pé ìwé ìrìnnà ló ń sọ. Ẹ tún bi í bóyá ó rántí ọ̀rọ̀ Milky ti 2014, nígbà tí ẹnì kan gbé bí ìpápánu wàrà tó jọ Milky ṣe pọ́ọ́kú tó ní Berlin sórí Facebook, tí gbogbo Ísírẹ́lì gbiná. Àwọn tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ máa fi ṣẹ̀fẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kọ "pudding" sílẹ̀ kó máa lọ.

Àti pé, ṣé ó dá yín lójú pé Hébérù ni àwọn òbí Haifa yẹn ń sọ nílé? Láti 1989, bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ló wá láti ilẹ̀ Soviet. Lárúbáwá pọ̀ ní Haifa náà. Ẹ bi àwọn ọmọ ṣáájú.

Àdùkẹ́_L

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, mo gba ìbáwí náà, ẹ̀bi mi ni. Bàbá, ẹ ò tíì sọ ti owó o.

Bàbá_Hamburg

Mò ń bọ̀. Òfin JVEG ló sọ iye tí ilé-ẹjọ́ ń san fún wa. Láti 2021, wákàtí kan jẹ́ 85 yúrò, wọ́n sì ti fi kún un lẹ́yìn náà. Ti ìwé, lẹ́tà márùndínlọ́gọ́ta ni wọ́n ń kà sí ìlà kan, owó ìlà ni wọ́n ń san. Yunifásítì kò sí lábẹ́ òfin yẹn, àdéhùn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé á gba iye tó kéré sí i, pàápàá tí Honorarvertrag (ìwé àdéhùn owó iṣẹ́) bá wà, ṣùgbọ́n má bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ torí pé "ìmọ̀ ni". Ka wákàtí ìmúrasílẹ̀, ka ọkọ̀ ojú irin, ka wákàtí tí ẹni tẹ́ ẹ ń dúró dè kò yọjú. Wákàtí kan ohùn lè gba ògbufọ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó bá di kíkọ jáde àti títúmọ̀, ìyẹn lowó rẹ máa ń parí sí. Mú kìkì ibi tó o máa lò nínú ìwé rẹ fún ìtumọ̀ ẹlẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí ìyókù jẹ́ àkótán tí a fi ìṣẹ́jú sí.

Ìyá_Ìbejì_Köln

Mo fara mọ́ Bàbá, àyàfi ibi àkótán yẹn. Àkótán ló kó o sí wàhálà lákọ̀ọ́kọ́. Tí owó bá kéré, dín iye èèyàn kù.

Bàbá_Hamburg

Ìyàwó mi náà kì í gbà fún mi. Ó dáa.

Àdùkẹ́_L

(Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà.) Ẹ kú àtìgbà yìí o. Mo ní kí n padà wá jíṣẹ́.

Mo kọ ìwé sí ẹ̀ka mẹ́rin, ènìyàn márùn-ún dáhùn, mẹ́ta ṣe ìdánwò ìṣẹ́jú mẹ́rin. Gbólóhùn mùgù yẹn ni mo fi sínú rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ kọ "Freier" bíi ti àná. Ẹni kejì, Jámánì rẹ̀ dùn bí oyin, ṣùgbọ́n ó fo gbólóhùn náà pátápátá. Ẹni kẹta fi "frayer" sílẹ̀ ní Hébérù, ó kọ ìlà mẹ́rin sísàlẹ̀ láti ṣàlàyé, ó tún kọ ìbéèrè kan sí mi: "Níbí, ó fi ohùn ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń sín in jẹ. Ṣé o fẹ́ kí n fi hàn?" Èmi tí mo wà nínú yàrá yẹn, mi ò mọ̀ pé ó ń sín ìyá rẹ̀ jẹ! Òun ni mo mú. Ìtàn àwọn ilé-ìwé Jámánì ló ń kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

A ti bá ènìyàn méje sọ̀rọ̀. Mo dín wọn kù sí méjìlá, ọ̀gá mi gbà. Ó máa ń jókòó sẹ́yìn mi díẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsù kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dá ọ̀rọ̀ dúró láàárín, ó ní "ọ̀rọ̀ yìí, ìlú ọmọdé rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n, jẹ́ kí n bi í". Mo rántí ẹ̀gbọ́n ti Bàbá Hamburg.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tó ń dà mí láàmú. Ará TelAviv, àfi bí ẹni pé ẹ wà níbẹ̀. Mo bi ọmọkùnrin kan ní Berlin pé èdè wo ni ìyá rẹ̀ ń sọ, ó ní Hébérù ni. A pe ìyá náà lórí fídíò. Ó kí wa ní Hébérù, ó sọ gbólóhùn mẹ́ta, ó wá kígbe pe ẹnì kan nínú ilé ìdáná, ìyókù wákàtí náà, Rọ́ṣíà ni. Ògbufọ̀ mi yíjú sí mi, ó ní: "Ich verstehe kein Wort." Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ló ń sọ.

Ta ló mọ ẹni tó ń túmọ̀ Rọ́ṣíà sí Jámánì?

Bàbá_Hamburg

Mo mọ ẹnì kan. Wo àpótí ìwé rẹ.